Alájọ tó sunkún níwájú pẹpẹ: ìyípadà kan tí gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún kó tó ṣẹlẹ̀

Èmi ni mò ń bójú tó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ nínú ìjọ Yorùbá kékeré kan ní Mararaba, Mararaba tí gbogbo èèyàn ń pè ní Abuja bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Nasarawa ló wà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ follow-up. Ó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, òun gan-an ló ní kí n kọ ọ́, àmọ́ mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà kí wọ́n má bàa fi dá a mọ̀. Brọ̀dá ni màá máa pè é.

Brọ̀dá dé Mararaba ní January 2017, òun, ìyàwó àti ọmọ méjì. Ó ní Kaduna lòun ti ń bọ̀, ó níṣẹ́ ló dẹnu kọlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ọ̀pọ̀ wa níbẹ̀ náà ló ti ibòmíì wá wá oúnjẹ òòjọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàdì ìpè lẹ́bàá títì, nígbà tó yá ó fi POS kún un. Ó múra síṣẹ́, orí ẹ̀ pé nídìí ìṣirò, kì í bá èèyàn fa wàhálà. Ìyàwó ẹ̀ nìkan ló ń wá ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, òun máa ń jókòó ti ọjà ẹ̀.

Ìsọjí kan la ṣe ní 2021 tó wá. Kí oníwàásù tó parí ìpè ló ti sáré jáde, ó dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó sunkún títí ṣáàtì ẹ̀ fi rin gbindin, usher méjì gbìyànjú láti gbé e dìde, wọn ò rí i gbé. Nígbà tó dákẹ́ pásítọ̀ gbé máìkì fún un. Ó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ lòun, ó lóun ti jayé òun, òun ti jẹ owó èṣù, àmọ́ Jésù ti gba òun lónìí. Ilé yí ká fún àtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé owó èṣù wo, owó ta ni.

Lẹ́yìn ìyẹn gbogbo nǹkan yá kánkán. Wọ́n rì í bọmi láàárín oṣù kan. Kí ọdún tó parí ó ti di usher, ọdún tó tẹ̀ lé e ó ti wà lára àwọn tó ń ka owó ọrẹ, nígbà tí ìjọ sì dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, torí ta ló tún mọ owó kà jù ú lọ. Ẹ̀rí ẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń pè é sọ kiri. Ó ti mọ̀ ọ́n sọ dáadáa, ó mọ ibi tí ohùn ti ń lọ sókè àti ibi tó ti ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ follow-up lé mi lọ́wọ́ ní ìparí 2022, ó ti kúrò lára ẹni tí wọ́n ń bójú tó, òun ló ń bójú tó àwọn míì.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí kó tó di pé ọ̀rọ̀ fọ́. Ẹ rántí bí owó náírà ṣe dàwátì láàárín January sí March 2023, tí èèyàn lówó ní báńkì tí kò sì rí owó wọ mọ́tò. Brọ̀dá rí owó kó jọ ní tiẹ̀, ó sì ń gba 200 lórí 1,000 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá, títí kan àwọn opó tó jẹ́ ará ìjọ wa. Àwọn ìyá kan ráhùn. Wọ́n ní bí gbogbo oní-POS ṣe ń ṣe nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tí àwọn agbowó òde bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi nínú Lúùkù orí kẹta nìyẹn gan-an, wọ́n ní kí làwọn máa ṣe, ó sì dá wọn lóhùn pé kí wọ́n má gbà ju èyí tí wọ́n pa láṣẹ fún wọn lọ. Kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì ní kí wọ́n wá sọ ẹ̀rí. Ibi tí ọwọ́ wọn ti ń pàdé owó àwọn ẹlòmíì ló mú wọn lọ tààrà.

Ìgbà yẹn náà ni ìyá kan wá láti Kaduna wá kó ọmọ tí ọmọ ẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Lọ́jọ́ Sunday ó tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀ wá ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ìkẹta láti ẹ̀yìn. Brọ̀dá gbé àpò ọrẹ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìyá wò ó, ó ní, "Bàbá Alájọ?" Ohùn ẹ̀ ò lọ sókè. Brọ̀dá gbé àpò fún usher kejì, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, kò padà wọlé.

Elùbọ́ ni ìyá yìí ń tà ní Sabon Tasha. Ó ṣàlàyé fún pásítọ̀ níwájú wa pé alájọ àwọn ni brọ̀dá, ó máa ń wá láràárọ̀, owó ọjọ́ kìíní nínú oṣù jẹ́ tiẹ̀ bí gbogbo alájọ ṣe máa ń ṣe, ìyókù á pé lọ́wọ́ onítọ̀hún. Kì í ṣe bíi alájọ Ṣómólú tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní ìwé tó ń kọ ọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá náà fi owó wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ títí di Kérésìmesì. Àwọn ò mọ̀ pé ó ti kó owó náà lọ sínú ètò ìlọ́po owó tó gbòde ní 2016, èyí tó ń ṣèlérí èrè 30% lóṣù, tó sì ti gbogbo owó èèyàn pa ní December ọdún yẹn. Nígbà táwọn máa fi lọ sílé ẹ̀, ilé ti ṣófo.

Wọ́n pe brọ̀dá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó wá. Kò jiyàn rárá, ó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ó tún sunkún, ìyàwó ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó sọ orí kodò. Ó wá fa Bíbélì yọ. Ó ní ẹni tó bá wà nínú Kristi ti di ẹ̀dá titun, ohun àtijọ́ ti kọjá lọ. Ó tún ka Orin Dáfídì 51, ibi tí Dáfídì ti sọ fún Ọlọ́run pé ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀ sí. Ó lóun ti bá Ọlọ́run yanjú ẹ̀ ní 2021. Pásítọ̀ ń mi orí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ tán síbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bá dá a lóhùn, ó ní, "Ẹ ṣé o. Ṣé Jésù ló ń dá àjọ lọ́dọ̀ yín ni?"

Kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ fi fèsì. Mo mọ̀ pé àwọn kan bínú sí ìyá náà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní ó fi orúkọ Jésù ṣeré. Èmi rò pé òun nìkan ló sọ ohun tó bá Bíbélì mu nínú yàrá náà. Dáfídì tó kọ sáàmù yẹn, Nátánì wọlé tọ̀ ọ́, ó sì dárúkọ Ùráyà fún un lójúkojú, ẹ lọ kà á nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 12. Kò jẹ́ kó fi orúkọ Ọlọ́run bo orúkọ ẹni tó pa mọ́lẹ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n dáwó. Wọ́n kó 45,000 tó jẹ́ owó ìyá jọ láti inú àpò ìrànlọ́wọ́ ìjọ, wọ́n gbé e fún un kó tó padà sí Kaduna. Ìyá bi wọ́n pé ta ló fún wọn lówó yẹn, ṣé òun ni. Wọ́n ní rárá màmá, ìjọ ni. Ó ní, "Ìjọ ò jẹ mí lówó." Ó kọ̀ ọ́. Inú rere ni wọ́n fi dáwó náà, mi ò bá wọn jà, àmọ́ ẹ wo ohun tí ì bá ṣe fún brọ̀dá: ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ì bá ti lọ, ẹrù náà ì bá ti kúrò lọ́rùn ẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kàn án, àwọn tó kù ní Sabon Tasha ì bá sì wà bí wọ́n ṣe wà. Mo ti rí i níbi púpọ̀ pé àwa òṣìṣẹ́ la máa ń gba ìyípadà lọ́wọ́ èèyàn báyìí, tá a sáré gbé e kúrò nínú ibi tí Ẹ̀mí Ọlọ́run ti ń bá a wí.

Ìkejì, a gba àpò ọrẹ àti iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ ẹ̀. Pásítọ̀ lọ́ tìkọ̀, ó ń bẹ̀rù pé ẹlẹgẹ́ ni ìgbàgbọ́ ẹ̀, àmọ́ ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ lojú ẹ̀ ti yí padà. Ọkùnrin tó sunkún nígbà tí wọ́n dárúkọ àwọn tó kó lówó bínú gidi nígbà tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ta ló lè fẹ̀sùn kan àyànfẹ́ Ọlọ́run. Ó ní inúnibíni ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì míì ní ọ̀nà Nyanya, ó tún jáde síwájú níbẹ̀, ó tún sunkún, wọ́n tún fún un ní máìkì, ẹ̀rí ẹ̀ sì ti gùn sí i torí ó ti fi wa kún un. Kí June tó wọlé ó ti di òṣìṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe ìpinnu tí kò tọ́ nìyí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní gbajúẹ̀ ni, ẹkún ẹ̀ ò dénú. Mi ò gbà. Ẹkún ẹ̀ dénú, omi ojú gidi ni. Ìyàwó ẹ̀ sọ fún mi pé láti December 2016, bí fóònù bá dún tí kò mọ nọ́ńbà ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn lálẹ́, á lọ dúró sí yàrá ẹ̀yìn. Alẹ́ tó dojú bolẹ̀ yẹn, ẹ̀rù yẹn kúrò lára ẹ̀. Ó sùn. Ìgbà tó jí tí àyà ẹ̀ fúyẹ́, ó pè é ní ìgbàlà, gbogbo wa sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó fẹ́ kí Jésù gba òun lọ́wọ́ ẹ̀ ni ìyà ohun tó ṣe, ohun tó ṣe gan-an ṣì wà níbi tó wà.

Irú ẹ̀ wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹjọ. Símónì tó ń pidán ní Samáríà gbàgbọ́, wọ́n rì í bọmi, ó ń tẹ̀ lé Fílípì kiri. Nígbà tó wá fẹ́ fi owó ra agbára, Pétérù sọ fún un pé ọkàn ẹ̀ ò tọ́ níwájú Ọlọ́run, kó ronú pìwà dà. Ẹ wo ìdáhùn Símónì: ó ní kí wọ́n gbàdúrà fún òun kí ọ̀kankan nínú ohun tí Pétérù sọ má bàa dé bá òun. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ọkàn tí Pétérù ní kò tọ́. Pọ́ọ̀lù náà pín in sí méjì nínú Kọ́ríńtì Kejì orí keje, ó ní ìbànújẹ́ kan wà tó jẹ́ ti Ọlọ́run tó ń mú ìrònúpìwàdà wá, ìkan sì wà tó jẹ́ ti ayé tó ń mú ikú wá. Méjèèjì ló ní omijé. Ìdí nìyẹn tí omijé ò fi lè jẹ́ ẹ̀rí fún wa, bí a bá rí i tàbí bí a ò rí i.

Mi ò fi brọ̀dá sílẹ̀ nígbà tó lọ. Mo máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ́nà ibi iṣẹ́, a máa ń ka Lúùkù pa pọ̀ ní ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò bá a jiyàn lórí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Ọjọ́ kan mo bi í pé, "Brọ̀dá, ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi nínú àwọn ìyá yẹn, yàtọ̀ sí ìyá ẹlẹ́lùbọ́." Ó ní ó ti pẹ́, òun ti gbàgbé wọn. Ìyàwó ẹ̀ ń to páálí ìndómì lẹ́yìn wa. Ó dáwọ́ dúró, ó wo ọkọ ẹ̀, ó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyàwó ẹ̀ pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé yẹn wà nílé o. Inú báàgì tá a gbé wá láti Kaduna ló wà, kò jẹ́ kẹ́nì kankan kàn án." Ó fẹ́ mú un wá fún mi ní kọ̀rọ̀. Mo ní kó má mú un wá. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bínú sí mi, ó ní ká ya àwòrán ìwé náà, ká fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n sì fi ọlọ́pàá gbé e. Mo ní bí àwọn ìyá yẹn bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ, ẹ̀tọ́ wọn ni, mi ò ní gbé ẹsẹ̀ sọ́nà fún wọn, wọ́n sì mọ ibi tó wà báyìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi ni ọkàn ọkùnrin yìí, ìwé yẹn sì gbọ́dọ̀ jáde láti ọwọ́ ẹ̀. Tá a bá jí i gbé, ó máa san owó, ó sì lè má yí padà láéláé.

Nígbà òjò August 2023, lálẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, brọ̀dá kan ilẹ̀kùn mi. Kò pè tẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Ó gbé nylon kan sórí tábìlì, ó tú u, ìwé gígùn kan tó ní èèpo líle ló wà nínú ẹ̀, etí ẹ̀ ti jẹ. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ń retí pé á ní òun lálàá tàbí òun gbọ́ ohùn kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn ara mi ti sú mi." Ó ní wọ́n pe òun kóun wá sọ ẹ̀rí níbi ètò àwọn ọ̀dọ́, ó ní bóun ṣe ń sọ ọ́ lọ lòun ṣàkíyèsí pé òun ti mọ ibi tí wọ́n máa ti pàtẹ́wọ́, òun sì ti dákẹ́ díẹ̀ dè wọ́n níbẹ̀. Ó ní òun padà sílé, òun ṣí Lúùkù 19, òun rí i pé Jésù ò tíì sọ ohunkóhun nípa owó nígbà tí Sákéù dìde dúró tó lóun máa san án ní ìlọ́po mẹ́rin.

A ka ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èèyàn 43 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo owó náà lé díẹ̀ ní 1.8 mílíọ̀nù náírà. Ọ̀pọ̀ ò lórúkọ, iṣẹ́ wọn ló fi kọ wọ́n: Ìyá Oníkósé, Aláṣọ Ẹnu Géètì, Madam Ẹja, Ìyá Ìbejì Alátà. Mo rò pé yóò kàn máa ka orúkọ àti iye lọ ni. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé alájọ máa ń mọ ohun tí oníkálukú ń torí ẹ̀ dá owó. Ó ń kà á, ó ń sọ ọ́ láìjẹ́ pé mo bi í: èyí fẹ́ fi san owó ṣọ́ọ̀bù, èyí fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, èyí fẹ́ lọ sílé ní Ọ̀fà torí ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìgbà tó dé orí Ìyá Oníkósé, ó ní 150 ló ń dá lóòjọ́ tẹ́lẹ̀, owó WAEC ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló ń wá, òun ni òun gbà á nímọ̀ràn pé kó sọ ọ́ di 200 kó lè pé. Kò lè ka ohun tó tẹ̀ lé e mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ojú ìwé náà, ó ní, "Èmi ni mo ní kó fi 50 kún un."

Láàárín 2021 sí alẹ́ yẹn, mi ò gbọ́ kí ó dárúkọ ẹnikẹ́ni rí nínú gbogbo ẹ̀rí ẹ̀. Òun ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun àti èṣù àti Jésù. Alẹ́ yẹn ni àwọn tó ṣẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Síbẹ̀ mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti yí padà. Júdásì náà dá owó padà. Mátíù 27 ló wà, ó kó 30 owó fàdákà padà fún àwọn olórí àlùfáà, ó sì fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀ ní ti ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀, ó wá lọ so. Kò padà sọ́dọ̀ Jésù. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé àtúnṣe nìkan ló ń fi ìgbàlà hàn, ẹ má gbà fún un, àtúnṣe kì í ra ìgbàlà, èèyàn sì lè san gbèsè torí ìtìjú tàbí kó lè sùn lóru. Mo sọ èyí fún brọ̀dá. Mo ní kó má san án kí Ọlọ́run lè gbà á. Ó ní òun mọ̀, ó ní ohun tó ń ya òun lẹ́nu ni pé Ọlọ́run ti ń wo ìwé yìí láti ọjọ́ yìí wá, kò sì lé òun.

Òun fúnra ẹ̀ lọ bá pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kejì, ó sọ ohun gbogbo, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó pe ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lórí fóònù, ìyẹn ló bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé àwọn kan ní àwọn máa fi ọlọ́pàá mú un. Ó ní òun ń bọ̀. Ó ta ilẹ̀ tó rà sí Masaka. Ọ̀rọ̀ wá délẹ̀ nípa iye tó máa san, torí 40,000 ọdún 2016 fẹ́rẹ̀ẹ́ ra àpò ìrẹsì méjì, ní 2023 kò ra ẹyọ kan. Òfin Mósè nínú Léfítíkù orí kẹfà ní kí ẹni tó fi èrú gba nǹkan ẹnìkejì dá a padà, kó sì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Ó lóun á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, tí Ọlọ́run bá pèsè sí i òun á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ilẹ̀ náà ò tó gbogbo wọn, ló bá kọ ẹni tó máa san fún ṣáájú sílẹ̀, àwọn tó ní tó kéré jù ló fi síwájú.

A wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kubwa lọ sí Rigasa, èmi, òun àti bàbá àgbà kan nínú ìjọ. Nínú ọkọ̀ mo bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan: kó má wàásù, kó má sì sọ pé òun ti di àtúnbí àyàfi tí wọ́n bá bi í. Mo fẹ́ kẹ́yin òṣìṣẹ́ mú èyí dání. Tí ọ̀daràn bá wọlé tó kọ́kọ́ sọ pé Jésù ti dárí ji òun, ó ti fi tipátipá mú ẹni tó ṣẹ̀, torí ta ló fẹ́ di ẹni tí kò dárí jini níbi tí Jésù ti dárí jì.

Inú àgbàlá ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni wọ́n ti pàdé wa, àwọn bí ogún. Wọ́n bú u dáadáa. Ó kúnlẹ̀, ó sọ pé òun jí owó wọn, kò ní òun ṣe àṣìṣe, kò dárúkọ ètò ìlọ́po owó rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ìyá Oníkósé gba tiẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dì í sí etí ìró. Ó ní ọmọ òun ò rí WAEC ṣe lọ́dún yẹn, ó tẹ̀ lé àwọn bíríkìlà lọ, kò sì padà sẹ́nu ìwé mọ́. Ó ní, "Mo ti gba owó mi. Kẹ́nì kankan má ní kí n dárí jì í." Bàbá àgbà tó bá wa lọ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá, Bíbélì ní..." Brọ̀dá ló dá a dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ."

Bí wọ́n bá ní kí n tọ́ka síbi tí èmi ti gbà pé Ọlọ́run ti ṣe nǹkan lára ọkùnrin yìí, ibẹ̀ ni màá tọ́ka sí. Kò rí ìdáríjì tó bá wá gbà, kò bínú, kò bá Ọlọ́run jà, kò lo Bíbélì gbèjà ara ẹ̀ mọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ó tún padà lọ láìjẹ́ pé a bá a lọ, ó san fún àwọn míì, ó sì yà kí Ìyá Oníkósé, ìyẹn ò dá a lóhùn. Ó ṣì ń yà kí i. Méjì nínú àwọn tó wà nínú ìwé ti kú, àwọn ọmọ wọn ló san án fún, bí Númérì orí karùn-ún ṣe sọ pé kí ó lọ sọ́dọ̀ ìbátan. Ìyàwó ẹ̀ ní ó ń gbé fóònù báyìí láìwo nọ́ńbà. Lórí POS, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn opó fúnra mi, wọ́n ní iye tó lẹ̀ mọ́ ara kíọ́sìkì ló ń gbà, kò lé kò dín.

Àwa náà yí ọwọ́ iṣẹ́ wa padà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá jáde síwájú lónìí, a ò gbé máìkì fún un mọ́, a máa jókòó tì í, a máa gbọ́ ọ, tó bá sọ pé òun ti ṣe ibi, a máa fi sùúrù bi í pé sí ta ni. Tí kò bá tíì lè dáhùn, a ò ní lé e, a ò sì ní kéde ẹ̀. Ará Éfésù tó gbàgbọ́ nínú Ìṣe 19 kó ìwé idán wọn jáde, wọ́n sun ún lójú gbogbo èèyàn, owó tí wọ́n ṣírò pé ó tó jẹ́ 50,000 owó fàdákà, wọn ò tà á. Ní Òkè-Oóyè, Iléṣà, ní 1930, lásìkò ìsọjí Babalọlá, àwọn baba wa náà kó oògùn àti òrìṣà jáde báyẹn. Nǹkan kan ti ọwọ́ wọn jáde tí ojú rí. Ní ti ipò, àwọn ìjọ àtètèkọ́ṣe kan máa ń kọ́ ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á wádìí irú iṣẹ́ tó ń ṣe àti bó ṣe ń gbé, kí wọ́n tó rì í bọmi. Mi ò ní ká pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó ṣèrìbọmi, ìwẹ̀fà ará Etiópíà tí Fílípì rì bọmi nínú Ìṣe orí kẹjọ ò dúró rárá. Àmọ́ àpò owó lè dúró. A tún máa ń bi ìyàwó tàbí ọkọ onítọ̀hún, kì í ṣe láti fi ṣe amí, àwọn ni wọ́n mọ ohun tó ṣì wà nínú báàgì.

Ó ku èèyàn mẹ́sàn-án tí brọ̀dá ò tíì san tiwọn tán. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé ó yẹ kó padà sídìí kíka owó báyìí torí ó ti yí padà lóòótọ́, mo ní rárá, òun náà ní rárá. Èyí tá à ń bá ara wa fà ni ìrìbọmi. Ó ní òun ò mọ Olúwa nígbà tí wọ́n ri òun bọmi ní 2021, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún òun rì. Pásítọ̀ tọ́ka sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjìlá tí Pọ́ọ̀lù bá ní Éfésù tí wọ́n tún ṣèrìbọmi. Èmi tọ́ka sí Símónì tí Pétérù sọ fún pé kó ronú pìwà dà kó sì gbàdúrà, tí kò ní kó padà sínú omi. Mo rò pé èyí tí wọ́n ti ṣe tó, kó máa gbé ìgbésí ayé ẹ̀. Pásítọ̀ ò tíì dáhùn, brọ̀dá sì ní kò sí wàhálà, tí wọ́n bá gbà fún òun, kó jẹ́ lẹ́yìn tóun bá ti san ti ẹni kẹsàn-án.